Ọmọ Agége tó fẹ́ mọ̀ nípa ọpọlọ: yunifásítì wo ni àpò òbí rẹ̀ ká?

Lọ́dọọdún, bí èsì JAMB bá ti jáde, ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí yunifásítì ní àdúgbò wa ti di olùdámọ̀ràn nìyẹn. Àwọn òbí kì í bèèrè pé kí lò ń kà. Bí wọ́n bá ṣáà ti ń rí ọ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn láàárọ̀, o ti mọ gbogbo nǹkan tó wà nínú yunifásítì. Láti Orílé Agége títí dé òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ló ń ṣe ṣíìfù ọ̀sán àti ti òru ní ilé-iṣẹ́ ike, bisikíìtì, ọṣẹ àti irin. Àwọn ọmọ wọn kò dín ní làákàyè sí ọmọ ẹlòmíì. Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó wà ní SS3 nínú wọn ni èyí: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ka neuroscience, kí n tó di dókítà ọpọlọ. Ilé-ìwé wo ni kí n yàn, tí bàbá mi kò ní ta ilẹ̀?"

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹni tó bá dáhùn rẹ̀ láìronú lè mú kí ìdílé kan jẹ gbèsè ọdún mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, kí àwa tí wọ́n ń bi léèrè lè mọ ohun tí a ó sọ. Ẹ̀ka Linguistics ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ kò jìnnà sí tiwa.

Ọ̀rọ̀ méjì tó ń da àwọn ọmọ láàmú

Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní ni "premed". Inú fíìmù àti YouTube ni àwọn ọmọ ti ń gbọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ di dókítà kì í ti ilé-ìwé girama bọ́ sínú ìṣègùn. Yóò kọ́kọ́ gba oyè ọlọ́dún mẹ́rin nínú ohunkóhun tó bá wù ú, bó ṣáà ti ń ka ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, kẹ́místírì àti físíìsì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní MCAT, kó tó wá wọ ilé-ìwé ìṣègùn fún ọdún mẹ́rin mìíràn. Premed kì í ṣe kọ́ọ̀sì rárá. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìmúrasílẹ̀ yẹn ni.

Ní Nàìjíríà, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá jáde girama, tó ní kírẹ́dìtì márùn-ún nínú Gẹ̀ẹ́sì, Máàtì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì, tó sì gba máàkì tó ga nínú JAMB, lè bọ́ sínú ìṣègùn tààrà. Ọdún mẹ́fà ni. Bó bá gba Direct Entry wọ ọdún kejì, ó di márùn-ún. Orúkọ oyè náà ní UNILAG, LASU àti Ìbàdàn ni MBBS. Ní Ifẹ̀, wọ́n ń pè é ní MBChB. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń fi méjèèjì ṣe, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọmọ yín pé ọ̀kan ju èkejì lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "neuroscience", ìyẹn ìmọ̀ nípa ọpọlọ, okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, àti àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ jẹ́ láti ọpọlọ lọ sí gbogbo ara. Bí ọmọ bá wá orúkọ yìí nínú ìwé JAMB, ó lè máà rí i ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yunifásítì wa, yóò sì rò pé kò sí ní Nàìjíríà. Ó wà. Inú Anatomy, Physiology, Pharmacology, Biochemistry àti Psychology ló fara pamọ́ sí. Ìgbà tí èèyàn bá dé orí oyè kejì àti ìkẹta ni orúkọ náà sábà máa ń jáde síta.

Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ owó, ìbéèrè kan ni ká kọ́kọ́ bi ọmọ: ṣé aláìsàn lo fẹ́ tọ́jú ni, àbí ìbéèrè nípa ọpọlọ lo fẹ́ wá ìdáhùn sí? Ẹni tó fẹ́ tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ ka ìṣègùn, kò sí àbùjá. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí kò nílò láti di dókítà, ọ̀nà tirẹ̀ sì lè fi púpọ̀ dín owó kù. Mo ti rí ọmọ tó ní òun fẹ́ ka Medicine, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, ó hàn pé ohun tó wù ú ni bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan àti ìdí tí a fi ń lá àlá. Ẹ̀jẹ̀ pàápàá ń dẹ́rù bà á.

Àwọn tó ti rin ọ̀nà náà

Latunde Odeku, tí wọ́n bí ní 1927, ọmọ Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ. Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà ló lọ, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ló sì gbé e débẹ̀. Ó gba oyè nínú Zoology ní 1950, ó sì gba oyè ìṣègùn níbẹ̀ kan náà ní 1954. Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní premed nìyẹn gan-an: oyè kan lákọ̀ọ́kọ́, kí ìṣègùn tó tẹ̀ lé e. Ó kọ́ iṣẹ́-abẹ ọpọlọ ní Michigan, ó padà sí Ìbàdàn ní 1962, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1974. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé ìkàwé àwọn oníṣègùn ní UI. Fún àwa ará ẹ̀ka yìí, ó dára ká mọ̀ pé akéwì ni pẹ̀lú.

Ẹnì kejì ni Benjamin Osuntokun, oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn. Òun ló ṣe ìwádìí àìsàn kan tó ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn máa gbò lójú ọ̀nà, tí ojú àti etí wọn sì ń kú díẹ̀díẹ̀, pàápàá ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ìwádìí rẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀gẹ́: májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa, tí èèyàn ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ mìíràn tó lérè. Gààrí tí gbogbo wa ń mu ló di ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ọpọlọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kẹta kò ka ìṣègùn rárá. Mahmoud Bukar Maina ka Anatomy ní Yunifásítì Maiduguri, ó sì lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọpọlọ ní Sussex ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí àìsàn arínigbàgbé ọjọ́ ogbó ló ń ṣe. Yunifásítì ìjọba nílé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnì kan bá ní kò sí ohun tí ọmọ lè fi Anatomy ṣe.

Owó ilé-ìwé nìkan kọ́ ni owó

Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà láti July 2024 ni 70,000 náírà. Lọ́dún kan, 840,000 ni. Ká sọ pé yunifásítì aládàáni kan ń gba mílíọ̀nù márùn-ún lọ́dún fún ìṣègùn. Ọdún mẹ́fà ti di mílíọ̀nù 30. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù yóò fi ohun tó ju ọdún 35 lọ ṣiṣẹ́, láìjẹun, láìsan owó ilé, kó tó kó o jọ. Kì í ṣe pé ilé-ìwé aládàáni kò dára. Bí owó bá ti mọ ni oògùn ń mọ. Ìdílé tí owó oṣù ilé-iṣẹ́ àti àjọ ń gbé ró kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò ní lè parí, torí ọmọ tó bá dúró ní ọdún kẹta ìṣègùn aládàáni kò ní ìwé-ẹ̀rí kankan lọ́wọ́, owó sì ti lọ.

Ilé-ìwé ìjọba rọjú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ní July 2023, UNILAG kéde pé owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà nínú ilé-ìwé ń san yóò kúrò ní nǹkan bí 19,000. Àwọn tí kọ́ọ̀sì wọn kò ní láàbù yóò máa san 100,750, àwọn oníṣègùn yóò sì máa san 190,250. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó wà. LASU ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Ní 2011, owó níbẹ̀ fò láti 25,000 lọ sókè, ó tó 348,750 fún àwọn kọ́ọ̀sì tó gbówó lórí jù. Ọdún 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá a padà sí 25,000. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún òbí ni pé ọdún mẹ́fà jìnnà. Bí iye tí ilé-ìwé ń gbà lónìí bá ti gba gbogbo ohun tó wà lápò, ilé-ìwé náà ti wọ́n jù. Ẹ yan èyí tí yóò ṣẹ́ nǹkan kù.

Lẹ́yìn owó ilé-ìwé ni àwọn ohun tí wọn kì í kọ sórí ìwé: họ́sítẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ, ọkọ̀, ìwé ìṣègùn tó nípọn bíi bíríkì, aṣọ funfun, ohun èlò àyẹ̀wò, owó ìdánwò. Ọmọ tó ń ka kọ́ọ̀sì tiwa lè máa kọ́ ọmọ ilé-ìwé lẹ́sìnnì ní ìrọ̀lẹ́, kó fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ìṣègùn tó ti wọ wọ́ọ̀dù kì í sábà ráyè bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ owó láìhàn: àkókò. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní February 14, ó parí ní October. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Ẹni tó gba yàrá síta ti san owó ilé lórí yàrá tí kò gbé. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ kò pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ibi tí ilé-ìwé wà.

Ilé-ìwé tó wà nítòsí wa

Ọ̀pọ̀ ọmọ Agége ló ń lá àlá ibi tó jìnnà, tí wọn kò mọ̀ pé ilé-ìwé ìṣègùn kan wà ní Ìkẹjà níbí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn LASU, tí a mọ̀ sí LASUCOM, bẹ̀rẹ̀ ní 1999, inú ọgbà LASUTH ló wà. LASUTH yìí ni Jẹ́nẹ́rà Ìkẹjà àtijọ́, tí ìjọba sọ di ilé-ìwòsàn yunifásítì ní 2001. Ọdún àkọ́kọ́ ni ọmọ yóò ṣe ní ọgbà ńlá LASU ní Ọ̀jọ́, ìyẹn sì jìnnà sí Agége. Lẹ́yìn náà ni yóò padà sí Ìkẹjà fún ìyókù. Ọmọ tó bá lè máa ti ilé lọ fún ọ̀pọ̀ nínú ọdún mẹ́fà ti yọ owó yàrá àti ìdajì owó oúnjẹ kúrò.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn UNILAG wà ní Ìdí-Àràbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ LUTH, láti 1962. Akọka ni wọ́n ti ń ṣe ọdún àkọ́kọ́. Nǹkan yàtọ̀ díẹ̀ fún ará Agége láti October 2024 tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ó dúró ní Agége àti Ìkẹjà, ó sì ń lọ sí Mushin, Yábàá àti Oyíngbò. Ẹni tó ń lọ sí Ìdí-Àràbà lè sọ̀ ní Mushin, ẹni tó ń lọ sí Akọka lè sọ̀ ní Yábàá. Kẹ̀kẹ́ tàbí dánfó díẹ̀ ló kù. Síbẹ̀, ẹ má ṣèlérí fún ara yín pé ọmọ yóò máa ti ilé lọ ní gbogbo ọdún. Nígbà tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù, ó ní láti sún mọ́ ilé-ìwòsàn.

Bí ẹ bá kúrò ní Èkó, Ìbàdàn ló dàgbà jù. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1948, UCH sì ṣílẹ̀kùn ní 1957. Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ ọpọlọ ní pàtó kò gbọ́dọ̀ fojú fo Ìbàdàn, nítorí ibẹ̀ ni Odeku àti Osuntokun ti ṣiṣẹ́, àwọn tí wọ́n kọ́ sì ti kọ́ àwọn mìíràn. OAU wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní OOU, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn rẹ̀ wà ní Ṣàgámù. Oǹdó ní UNIMED, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015 fún ẹ̀kọ́ ìlera nìkan. Nínú àwọn aládàáni, Babcock ní Ìlíṣàn, Bowen ní Ìwó àti Afe Babalola ní Adó-Èkìtì ni orúkọ wọn ń jáde jù.

Ilé-ìwé yòówù tí ẹ bá ń wò, ẹ wádìí bóyá MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, ti fọwọ́ sí i pé kó máa kọ́ ìṣègùn. Ìgbìmọ̀ yìí ló tún ń sọ iye ọmọ tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ilé-ìwé tó bá gbà ju iye rẹ̀ lọ ń kó àwọn ọmọ sí wàhálà: wọ́n lè parí ìwé tán, kí ìforúkọsílẹ̀ wọn di ìṣòro.

Ọmọ ìpínlẹ̀ wo ni yín?

Ní àdúgbò wa, bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn mẹ́wàá, ẹ ó bá ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Ìgbò. Èkó ni wọ́n bí àwọn ọmọ sí, Yorùbá Èkó ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ìwé ìpínlẹ̀ wọn kì í ṣe ti Èkó. Ọ̀rọ̀ owó wọ èyí ju bí àwọn òbí ṣe rò lọ.

Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ ló ní iye tí ọmọ ìpínlẹ̀ ń san, tó sì kéré sí ti àlejò. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Agége lè rí i pé OOU rọjú fún òun ju fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà lọ. Èkejì, àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í fi máàkì nìkan gba ọmọ. Ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé ìpín 45 nínú 100 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé náà ká, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń jẹ́ ti ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Nítorí náà, ẹ wá ìwé ìjẹ́ọmọ-ìbílẹ̀ yín láti ìjọba ìbílẹ̀ kí JAMB tó dé. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí àyè bá ṣí yóò máa sáré lọ sí ìlú bàbá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé ń parí.

Ohun kan tún wà: bí ẹ bá fẹ́ ìṣègùn ní UNILAG, UI tàbí OAU, ẹ fi í sí ipò àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB. Ipò kejì kò ní lérè níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìṣègùn ló sì fẹ́ kí kírẹ́dìtì márùn-ún náà wá láti ìjókòó ìdánwò kan ṣoṣo.

Ẹ̀yáwó àti ẹ̀bùn

Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ buwọ́ lù ní April 3, 2024 ló gbé NELFUND kalẹ̀. Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́: wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà sí àpò ilé-ìwé, ọmọ náà sì tún lè gba 20,000 náírà lóṣù fún jíjẹ mímu. Kò sí èlé lórí rẹ̀. Sísan padà yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tí ọmọ bá ti parí ìsìnlú. Ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún, ti aládàáni kò sí níbẹ̀. Ẹ nílò NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti nọ́ńbà ilé-ìwé, orúkọ tó wà lórí gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ọmọ tó ń jẹ́ Adéwálé lórí WAEC, tó ń jẹ́ Wálé lórí NIN, kó tètè lọ tún un ṣe.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yáwó ni, gbèsè ni. Ṣùgbọ́n gbèsè tí kò lélé, tí a kò ní san títí iṣẹ́ yóò fi dé, sàn ju owó èlé orí fóònù tó ń dójú ti èèyàn níwájú gbogbo ẹbí lọ. Ó lè pẹ́ kó tó jáde o. Nítorí náà, owó ìgbàwọlé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ láti inú àjọ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́.

Ti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, èyí tó pọ̀ jù ló ń dúró kí ọmọ ti wọlé, kó sì ti fi èsì ọdún kan tàbí méjì hàn. Ti MTN Foundation wà fún àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé ìjọba, ti Agbami sì wà fún àwọn ọmọ ìṣègùn àti ẹnjiníà. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé máàkì ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ owó. Ọmọ tó bá fi ọdún àkọ́kọ́ ṣeré ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Òkè òkun ńkọ́?

Ọmọ tó bá ní làákàyè tó ga gan-an lè gbìyànjú Amẹ́ríkà, bí òun àti ẹbí rẹ̀ bá mọ ohun tí wọ́n ń bá pàdé. Àwọn yunifásítì díẹ̀ wà tí kì í wo owó òbí kí wọ́n tó gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n sì ń san gbogbo ohun tí ẹbí rẹ̀ kò bá lè san. Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst, Dartmouth àti Bowdoin wà lára wọn. Àwọn tó ń wọ ibẹ̀ kò pọ̀, gbogbo ayé ló ń du àyè náà. Ọ́fíìsì EducationUSA ní Èkó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kò ti ronú dé ni èyí: oyè ọlọ́dún mẹ́rin nìkan ni owó ìrànlọ́wọ́ yẹn bò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé-ìwé ìṣègùn tó kù. Púpọ̀ nínú ilé-ìwé ìṣègùn Amẹ́ríkà kì í gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè rárá. Nínú àwọn tó ń gbà wọ́n, àwọn kan ń fẹ́ kí owó ọ̀pọ̀ ọdún ti wà ní báńkì kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ lè gba oyè neuroscience tó dára níbẹ̀, kó má rí ọ̀nà di dókítà.

Ti ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí yàtọ̀ pátápátá. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n bá gbà fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọpọlọ kì í sábà san owó ilé-ìwé. Ilé-ìwé ló ń san án fún un, tí wọ́n sì tún ń fún un ní owó oṣù. Ìyẹn ni pé ọmọ lè ka Physiology nílé pẹ̀lú owó tí àpò òbí ká, kó jáde pẹ̀lú èsì tó ga, kó wá fi ìyẹn wá ibi tí wọn yóò ti sanwó fún un láti kàwé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Fún ìdílé tí kò lówó, mo rò pé ọ̀nà yìí ni a kì í sọ fún wọn tó.

Bí Medicine kò bá bọ́ sí i

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jókòó sílé ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, nítorí pé Medicine nìkan ni wọ́n fẹ́. Ọdún mẹ́rin yẹn tó láti fi parí Physiology. Bí ilé-ìwé bá fún ọmọ ní Anatomy, Nursing tàbí Physiotherapy dípò rẹ̀, ẹ má sọ pé ìtìjú ni. Nọ́ọ̀sì ń tọ́jú ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Oníṣẹ́ physiotherapy ló ń kọ́ ọ láti tún rìn. Ẹni tó bá sì jáde pẹ̀lú èsì tó dára lè gba Direct Entry padà sínú ìṣègùn, bí agbára bá ṣì wà.

Ilẹ̀kùn kan tún wà tí kò sí ẹni tó ń ka á mọ́ ọn: ẹ̀ka wa yìí. Ní 1861, dókítà Faransé kan, Paul Broca, ṣàyẹ̀wò ọpọlọ ọkùnrin kan tó ti kú. Nígbà tó wà láàyè, "tan" nìkan ni ọ̀rọ̀ tó lè sọ, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Apá kan ní iwájú ọpọlọ rẹ̀, lápá òsì, ló ti bàjẹ́. Láti ìgbà yẹn ni ìmọ̀ èdè àti ìmọ̀ ọpọlọ ti jọ ń rìn. Bàbá tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ní Agége, tí Yorùbá rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, nílò ẹni tó mọ bí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún elédè Gẹ̀ẹ́sì kò lè sọ bóyá *ọkọ* àti *ọkọ́* ti di ọ̀kan náà létí rẹ̀.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn àti Indianapolis bẹ̀rẹ̀ sí í fi àìsàn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbàlagbà Yorùbá wé ti àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà ní 1992, ìwé ìbéèrè wọn ní láti di Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó lè lò ó. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé àìsàn náà ń mú àwọn ará Ìbàdàn tuntun níye tó kéré sí ti Indianapolis. Bí ìtúmọ̀ ìbéèrè wọn bá ti wọ́, ta ni ìbá gba èsì náà gbọ́?

Ohun tí ẹ ó bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù

Bí òbí tàbí àbúrò bá wá bá yín, ẹ jókòó pẹ̀lú wọn, ẹ mú bírò, ẹ kọ ìdáhùn àwọn ìbéèrè yìí sílẹ̀:

1. Ṣé ìtọ́jú aláìsàn ni ọmọ fẹ́, àbí ìwádìí?
2. Èló ló ń ṣẹ́ kù lóṣù lẹ́yìn oúnjẹ àti owó ilé? Ẹ sọ iye tó jẹ́ òótọ́, kì í ṣe èyí tí a ń fi ìgbàgbọ́ sọ.
3. Bí owó ilé-ìwé bá di ìlọ́po méjì ní ọdún kẹta, ṣé ẹ ó ṣì lè san án?
4. Ọdún mélòó ni ọmọ lè máa ti ilé lọ?
5. Ìpínlẹ̀ wo ló ni ín, yunifásítì ìpínlẹ̀ náà sì ńkọ́?
6. Ṣé orúkọ bára mu lórí NIN, BVN, WAEC àti JAMB?
7. Bí Medicine kò bá jáde lọ́dún yìí, kọ́ọ̀sì wo ni a ó gbà dípò kí a jókòó?
8. Ọmọ mélòó ló tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò lọ sí ilé-ìwé?

Ìkẹjọ yẹn ni àwọn àkọ́bí kì í fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo owó ilé bá tẹ̀ lé ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà, àbúrò rẹ̀ ni yóò máa ta omi inú ọ̀rá ní Pen Cinema. Ẹ kọ ìdáhùn náà lójú ọmọ gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún mọ ìṣirò, tí a bá jẹ́ kó rí i. Bó bá sì rí i, tó ṣì ní ìṣègùn lòun fẹ́, ẹ kọ LASU tàbí UNILAG sí ipò àkọ́kọ́, ẹ dá àjọ owó ìgbàwọlé láti oṣù yìí, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ kàwé.